Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Bẹ́ǹṣì Kẹta

Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta

Wọ́n mú mi. Nínú gbogbo àwa ọmọ ọdún kìíní tó ń kọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá, ẹni mẹ́rin péré ni Dókítà Kehayova mú fún ìwádìí rẹ̀, èmi Zornitsa sì wà lára wọn. Mi ò mọ ìdí tó fi mú mi. Stanka tí a jọ ń gbé yàrá ní ó lè jẹ́ nítorí pé ojú mi jọ ojú ẹni tí kò lè sọ pé rárá.

Èèyàn mẹ́fà tó ń gba ìtọ́jú ní ilé ìtọ́jú ọpọlọ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sùn nílé tiwọn ni yóò máa wá sí ọgbà ìgbafẹ́ etí odò Maritsa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Wọn á jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú, wọn á máa gbọ́ ẹyẹ, odò àti ewé. Bí wọ́n bá dé, àti bí wọ́n bá fẹ́ lọ, èmi á bi wọ́n pé: láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ni ọkàn yín ṣe rí? Dókítà fẹ́ fi hàn pé ohùn inú ọgbà lè tu ọkàn tó ń ṣàìsàn lára. Èmi gbọ́dọ̀ jókòó ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí wọn, kí ojú mi má baà darí ìdáhùn wọn.

"O kì í ṣe ọmọ wọn, o kì í ṣe nọ́ọ̀sì," Dókítà sọ fún mi. "Aago ni ọ́. Aago kì í káàánú ẹnikẹ́ni."

Mo so màrtenitsa mọ́ Stanka lọ́wọ́, òun náà so ó mọ́ mi. Òwú pupa, òwú funfun, kí ara wa lè le títí a ó fi rí àkọ̀ tàbí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ajé, ọjọ́ kẹrin

Òtútù mú. Bẹ́ǹṣì tutù débi pé mo fi ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ fún wọn.

Ìyá Tota, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ń pa èso òdòdó oòrùn jẹ, pá, pá, pá, títí ogójì ìṣẹ́jú fi pé. Nígbà tí wọ́n dìde, mo rọra sọ fún un pé ariwo yẹn lè da ìwádìí rú.

"Ọmọ mi, ẹnu tèmi náà wà lára ohùn ọgbà," ló wí, ó sì bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́.

Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta, èyí tó kọ ẹ̀yìn sí igbó, ni Bàbá Zapryan. Ọdún méjìdínlógójì ló fi wa bọ́ọ̀sì nílùú Plovdiv níbí kí àtọ̀gbẹ tó gba ojú rẹ̀ méjèèjì. Ginka ìyàwó rẹ̀ kú nígbà ìkórè àjàrà tó kọjá. Láti ìgbà náà, Rumyana ọmọ rẹ̀ ní kì í sùn, kì í jẹun tó tọ́.

"Eélòó, Bàbá?" ni mo bi í.

"Eélòó lẹ fẹ́?"

"Èyí tó bá jẹ́ òótọ́."

"Kọ méjì. Kò tó méjì o. Òdo ló ń ti mí lójú."

Mo kọ méjì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò. Ẹnikẹ́ni ò wá. Mo jókòó lábẹ́ agboòrùn fún ogójì ìṣẹ́jú, bóyá ẹnì kan á wá.

Ajé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ìyá Tota rí àkọ̀ méjì lókè odò. Gbogbo wọn tú màrtenitsa wọn, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka igi tó ti rú òdòdó. Bàbá Zapryan fi ọwọ́ bo tirẹ̀.

"Orí ẹ gan-an ni wọ́n gbà kọjá, Zapryan," Ìyá Tota wí. "Tú u. Oṣù Kẹta ti ń parí lọ."

"Ẹ̀yin lẹ rí i. Ẹ tú tiyín."

Ó wá sọ fún mi, nígbà tí mo ń kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, pé òun àti Ginka kì í wo àkọ̀. Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ohùn ẹyẹ slavey ni wọ́n máa ń dúró dè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á jí èkejì, á tú màrtenitsa lọ́wọ́ rẹ̀. Slavey ò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní, èèyàn lè gbọ́ ọ ní gbogbo ọdún ayé ẹ̀ kó má rí i rí.

"Afọ́jú ò pàdánù nǹkan kan níbi tiẹ̀," ló wí.

Mo bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Aago kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Méjì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin

Ìpàdé. Dókítà tẹ́ ìwé wa sórí tábìlì níwájú èmi, Momchil àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì yòókù.

"Ẹgbẹ́ Momchil jókòó sínú àgbàlá lẹ́bàá títì, níbi tí ọkọ̀ ti ń pariwo, síbẹ̀ wọ́n ń dáhùn mẹ́rin, márùn-ún. Ẹgbẹ́ tìẹ wà láàárín igi, ó dà bí ilé òkú. Kí lò ń ṣe fún wọn, Zornitsa?"

"Mo ń jókòó ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, Dókítà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọmọ orí òkè. Ẹ ní kó jókòó, á jókòó títí koríko á fi hù lára ẹ̀."

Ó ní bí ìlà tó ń fi ìdáhùn ẹgbẹ́ tèmi hàn ò bá gòkè, kò sídìí tí òun á fi kọ máàkì fún mi. Mo lọ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àjà kejì, nítorí tàjà kìíní máa ń kún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó dé. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.

Inú igbó ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì kẹta ló ti ké. Ìfé mẹ́ta tó ń gùn sí i, lẹ́yìn náà ohùn kan bí omi tó ń bọ́ sínú ìgò. Ìyá Tota dákẹ́, èso ṣì wà láàárín eyín rẹ̀. Bàbá Zapryan dìde láìmú ọ̀pá. Ó ń wá ìdí òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí i tú. Ìyá Tota fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀, Tota."

Ó fi eyín tú u. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn títí ó fi kan ẹ̀ka, ó sì so ó síbẹ̀. Èmi jókòó ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, mo di pẹ́ẹ̀nì mi mú.

"Eélòó, Bàbá?"

"Mẹ́fà. Dúró ná, jẹ́ kí n fọn imú."

Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún

Ìyá Tota kó ẹyin pupa tó ṣẹ́kù nínú ọdún Àjíǹde wá. A fi wọ́n gbára wọn láti mọ èyí tó le jù. Ẹyin Bàbá Zapryan fọ́ tiwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Irọ́ ni ojú ẹ ń pa pé òun fọ́," Ìyá Tota wí fún un.

"Wá fi tìẹ pààrọ̀ ká wò ó."

Ó dáhùn méje. Rumyana fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bàbá òun ń sùn di aago márùn-ún báyìí, ó fá irùngbọ̀n fúnra rẹ̀ lánàá, ó sì béèrè ọbẹ̀ ẹ̀wà. Ó di ọwọ́ mi mú. Kò sẹ́ni tó tíì di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀ nílùú yìí.

Mo gba ohùn ọgbà sílẹ̀ fún Dókítà bí mo ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì: fóònù nínú igbó ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì kẹta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Slavey hàn gedegbe nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ìṣẹ́jú mélòó kan, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó fèsì pé ìlà Zapryan ló dára jù nínú gbogbo ìwádìí náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé koríko dé láàárọ̀. Slavey ké lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Bàbá Zapryan na ọrùn títí ogójì ìṣẹ́jú fi pé. Mẹ́rin.

Dókítà pè mí lọ́sàn-án. Ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Varna ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ìlà bàbá afọ́jú yẹn ni mo fẹ́ fi sójú ewé àkọ́kọ́. Kò gbọdọ̀ wálẹ̀."

"Ẹyẹ ni, Dókítà. Kì í gbọ́ tèmi."

"Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń wá bí nǹkan ṣe máa dúró sójú kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa ń padà sábúlé lọ gbin ọ̀dùnkún."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan tí mo lè fi fóònù tàn láti òkèèrè, kò ju àlùbọ́sà lọ. Leva mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo fi okùn so ó sínú igbó náà nírọ̀lẹ́, nísàlẹ̀ ibi tí màrtenitsa rẹ̀ wà. Bí ẹyẹ bá dákẹ́, màá fi ohùn rẹ̀ tí mo gbà sílẹ̀ rán an létí. Kì í ṣe irọ́. Ohùn rẹ̀ gan-an ni.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Ìṣẹ́jú mẹ́ta lásán ni mo fi tan ẹ̀rọ náà láti ibi tí mo jókòó sí. Slavey sọ̀ kalẹ̀. Mo rí i fún ìgbà àkọ́kọ́: ó na ìyẹ́, ó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó ń ké bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ ya. Mo pa ẹ̀rọ, òun ò dákẹ́. Gbogbo ogójì ìṣẹ́jú ló fi ké.

"Ó mà ń bínú lónìí," Bàbá Zapryan wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mẹ́jọ.

Mo fi ránṣẹ́ sí Dókítà. Ọ̀rọ̀ kan ló fi dá mi lóhùn: "Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín."

Mo sùn dáadáa.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo dé kí wọ́n tó dé. Slavey wà nílẹ̀ nítòsí ẹ̀rọ náà. Ìyẹ́ rẹ̀ dúró gàn-ùn gàn-ùn, ó la ẹnu, ohùn kankan ò jáde. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ó sáré bí èkúté wọ inú koríko.

Ó yẹ kí n tú ẹ̀rọ náà kúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bọ̀ lẹ́nu géètì, mo ń gbọ́ ọ̀pá Bàbá Zapryan. Mo sáré lọ jókòó. Mo tan ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, mo dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tún tàn án, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dìde. Mẹ́jọ.

Nírọ̀lẹ́ mo sọ fún Stanka, nítorí pé ìmọ̀ igbó òun ẹranko lòun ń kọ́. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"O gbé akọ mìíràn sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀, nígbà tí ìyàwó ẹ̀ ń sàba?"

"Kì í ṣe akọ mìíràn. Ohùn òun fúnra ẹ̀ ni."

"Ṣé òun mọ ìyẹn?"

Ó tẹ̀ lé mi lọ sí ọgbà. Òun ló rí ìtẹ́ náà láàárín ewé gbígbẹ, ìṣísẹ̀ méjì sí ẹ̀rọ mi. Ẹyin mẹ́rin, àwọ̀ èso ólífì. Kò sí ẹyẹ kankan nítòsí. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sí mi látẹ́lẹwọ́. Ó tutù bí òkúta.

"Eélòó?" ni Stanka bi mí. "Láti òdo dé mẹ́wàá."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo tún tàn án. Bí mi ò bá tàn án, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n máa bá, bàbá yẹn á sì padà sí méjì. Mo ro ó títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò rí ọ̀nà mìíràn.

Ìyá Tota ń wò mí. "Ọmọ yìí, kí lò ń tẹ̀ lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀? Ṣé ọkọ ni?" Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ké gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí dópin, kó tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bàbá Zapryan ò rẹ́rìn-ín lónìí. Láàárín kan, ó dìde gìrì, ó kọjú sí igbó, ó tún jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Eélòó, Bàbá?"

"Mẹ́jọ," ló yára wí. "Kọ mẹ́jọ. Pe Rumyana wá."

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kò wá. Mo pe Rumyana.

Ó ní láti Ọjọ́rú ni bàbá òun ò ti jẹun. Ó ní bàbá òun sọ pé òun gbọ́ ohùn ara òun nínú igbó. Kì í ṣe ẹlòmíì, òun fúnra rẹ̀ ló ń wúkọ́, tó ń bá Ginka sọ̀rọ̀, òun sì ti pa ẹnu òun dé nígbà yẹn. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Rumyana pe àwọn dókítà. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Wọ́n ti ń fún un lábẹ́rẹ́.

"Kò bá wọn jà," Rumyana wí. "Ó ní òótọ́ ni, òun ti ya wèrè, kí wọ́n ṣe é kíákíá."

Mo fi ẹ̀rọ sétí, mo gbọ́ ohùn tí mo gbà sílẹ̀ dé ìparí. Ní ìṣẹ́jú keje: ìwúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ginka, gbọ́ ọ. Ó ti padà dé."

Ajé, ogúnjọ́

Mo sọ fún Dókítà. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé kí ohùn mi má baà gbọ̀n. Ó gbọ̀n.

Ó ti ilẹ̀kùn. "Ta ló tún mọ̀?"

"Stanka. Ọ̀rẹ́ mi. Ìmọ̀ igbó ló ń kọ́."

"Onígi. Kò burú." Ó jókòó. "Ọkùnrin tí ọkàn ẹ̀ ti ń ṣàìsàn sọ pé òun ń gbọ́ ohùn. Kí ló ṣàjèjì níbẹ̀? Ibi tó yẹ kó wà náà ló wà."

"Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ lóòótọ́, Dókítà. Ara ẹ̀ yá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ fún ohun tí kò ṣe é."

"Bó o bá lọ sọ ọ́, ta lo rò pé wọ́n máa pè ní ẹni tó sọ afọ́jú di wèrè? Èmi? Ṣé mo ní kó o ra nǹkan kan?"

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni.

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Lọ sinmi. Mẹ́jọ mẹ́ta ló dáhùn, mẹ́jọ mẹ́ta ló máa wà níbẹ̀."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo dé ẹnu géètì ọsíbítù lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo wọlé. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì dókítà wọ́ọ̀dù, mo tàn án láti ìṣẹ́jú kẹfà. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dé ìwúkọ́, ó gbọ́ ọ dé "Ginka", ó sì na ọwọ́ pa á fúnra rẹ̀. Ó bi nọ́ọ̀sì pé abẹ́rẹ́ mélòó. Mọ́kànlá.

Rumyana wà níbẹ̀. Kò pariwo. "Lójoojúmọ́ lo ń bi bàbá mi bí ọkàn ẹ̀ ṣe rí," ló wí. "O sì ń kọ ọ́ sílẹ̀." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí mo fẹ́ dì í mú.

Wọ́n jẹ́ kí n rí i. Oògùn ti wú u lójú, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mi ò ya wèrè nígbà náà."

"Ẹ ò ya wèrè, Bàbá."

 Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ohun tí mo wá gbé fún un náà nìyẹn.

"Ẹyẹ náà ńkọ́?"

Mi ò mọ irọ́ tó yẹ kí n pa. Mo sọ fún un pé ó ti lọ, pé ẹyin tutù.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ọjọ́ Ajé, eélòó ni mo ní kó o kọ?"

"Mẹ́jọ."

"Èmi àti ike nìkan ló wà níbẹ̀," ló wí. Ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Màrtenitsa mi. Lọ tú u, kó o gbé e wá fún mi. Mi ò fẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́

Wọ́n ti dá Bàbá Zapryan sílẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè máa kà á.

Momchil fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Varna. Ìlà Zapryan wà lójú ewé àkọ́kọ́, mẹ́jọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lórí ẹ̀. Ó ní wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Mo kọ̀wé sí Dókítà pé kó yọ wọ́n. Ó fèsì pé mi ò sí nínú ẹgbẹ́ náà mọ́, ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kò lẹ́nu lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́. Máàkì mi: méjì. Mo fìdí rẹmi.

Stanka ra bánítsà, búrẹ́dì oníwàràkàṣì, fún mi.  Mo jẹ ìdajì.

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Mo gbé màrtenitsa náà lọ sílé Rumyana, àjà kẹrin. Òjò ti fọ àwọ̀ pupa rẹ̀ débi pé òwú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Rumyana ṣílẹ̀kùn, ó kúrò lọ́nà fún mi, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Bàbá Zapryan jókòó nídìí tábìlì, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Ó gba òwú náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wé e mọ́ ìka.

"Ìyá Tota ń kí yín," mo wí. "Ó ní ẹyin yín ò tíì sanwó ìyà tó fi jẹ tòun."

 Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ẹyẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké níta, kos dúdú ẹlẹ́nu yẹ́lò, lórí irin tẹlifíṣọ̀n òrùlé tó kọjú sí wa. Ó ké dáadáa. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo wo ojú bàbá náà, mo ń dúró. Màá sọ òótọ́: mo ń ka nọ́ńbà lọ́kàn.

"Pa ẹ̀rọ yẹn," ló wí.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ, Bàbá. Kos ni. Ó wà lórí òrùlé ọ̀hún. Mò ń wò ó."

"Ìwọ lò ń wò ó."

"Mo fi ìyá mi búra."

Rumyana yọjú láti ìdí sítóòfù. "Ẹyẹ ni lóòótọ́, Bàbá. Èmi náà rí i."

"Ìwọ náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá ẹ̀rọ náà lórí tábìlì. Ó tú ife ṣúgà dà nù, ó wá abẹ́ àwo, ó wá inú báàgì mi, bíi ti ọjọ́ tó ń wá ìdí òwú. "Pa á, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́. Mo ti gbọ́, ó ti tó."

Rumyana wò mí. Mo dìde, mo ti fèrèsé. Onígíláàsì méjì ni. Ohùn náà dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọwọ́ Bàbá Zapryan dúró láàárín ṣúgà. Ó kọjú síbi tí ọmọ rẹ̀ wà.

"Ṣó o rí i?" ló wí. "Mo sọ fún ẹ."